Agogo Náà Dún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó yí i padà, nítorí irọ́ yìí ti mọ́ mi lẹ́nu ju òótọ́ lọ. Agogo iná tó wà ní yàrá ìránṣọ wa lókè, lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ náà jóná, dún. Ó dún ketekete, kò sì dákẹ́ títí iná fi jẹ wáyà rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi láti ìgbà náà, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, lórí rédíò, níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, pé agogo ti kú kí iná tó ṣẹ́yọ, irọ́ ni. Èmi tí ẹ ń pè ní Bàbá Alágogo, èmi tí wọ́n ń fún ní ìjókòó iwájú níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo pa irọ́ náà. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń lé mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fojú ara mi rí lóṣù tó kọjá ni. Mo máa dé ibẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin là ń rán. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gé aṣọ, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ èyí tí a bá ti rán tán. Lókè ni àwọn obìnrin jókòó sí nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ẹnì kan kan iwájú ẹnì kejì, èmi ni mo sì jẹ́ ọ̀gá yàrá náà. Àbúrò ìyàwó mi wà lára wọn. Ọwọ́ wa ló dàgbà sí. Ìyàwó mi ló wẹ̀ ẹ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, èmi ni mo sì fà á wọ ilé iṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ gan-an là ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nílé, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ni, kò sì jẹ́ ṣi í pè. Bí mo bá ti ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Ọ̀gá wa, ẹ kú ìdúró o," nítorí pé gbogbo wọn ló jókòó, èmi nìkan ni mò ń rìn káàkiri bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù. Àwọn yòókù á sì máa rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ wọn.

Òfin àtijọ́ pàápàá ní kí a máa fi agogo náà dánrawò lóṣooṣù. Bí ó bá dún, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá, kí a kà wọ́n, kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìsọ̀kalẹ̀ yá ju ìpadàgòkè lọ. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ á rántí pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ẹlòmíràn á rántí pé òun fẹ́ bá ẹnì kan nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà pè mí, ó ní, "Ṣé ilé iṣẹ́ ni mo fi ọ́ ṣọ́, àbí ibi ìgbafẹ́?" Ó kàn bínú ni o. Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Èmi ni mo fi ọgbọ́n orí ara mi dá ohun tó tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi pín ẹ̀bi rẹ̀. Mo sọ fún àwọn obìnrin náà pé òfin sọ pé kí agogo dún, kò sọ pé kí ìdí kúrò lórí ìjókòó. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá tẹ agogo, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá dìde, ìdúró ni yóò wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ tí yóò fi ránṣọ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Àwọn fúnra wọn ló fi àwàdà kún un. Ẹni tó bá dìde, wọ́n á ní ìyàwó agogo ni. Wọ́n á ní, "Ìyàwó agogo, ọkọ ẹ mà ń pè ẹ́." Wọ́n á bi í léèrè ìgbà tó máa kó lọ sílé ọkọ. Mo gbádùn rẹ̀. Mo rí pé ẹ̀rín wọn ń ṣiṣẹ́ ju ìbínú mi lọ, mo sì ń bá wọn rín in. Ó ṣẹlẹ̀ sí Abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìdúró ránṣọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí a délé, ó sọ fún ìyàwó mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lọ́kọ o. Àmọ́ kò ní nǹkan kan, ariwo nìkan ló ní." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di pé bí agogo bá dún, ńṣe ni àwọn kan á tún ìdí jókòó dáadáa. Mo ń fi èyí yangàn níwájú àwọn ọ̀gá yàrá yòókù. Ẹ ò rí irú orí tí mo gbé sọ́rùn.

Ọ̀sán ni iná náà ṣẹ́yọ. Nísàlẹ̀, ẹnì kan gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí tábìlì tí wọ́n fi fóòmù tẹ́. Fóòmù náà gbaná, àgékù aṣọ tí a kó jọ sábẹ́ àtẹ̀gùn sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan nísàlẹ̀ ló fọwọ́ tẹ agogo, ó sì dún lókè. Mo sọ fún ìgbìmọ̀ olùwádìí, mo sì sọ fún ìyàwó mi, pé ìsàlẹ̀ ni mo wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé iná ti dí ọ̀nà mọ́ mi kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin náà gbọ́ agogo, wọ́n sì jókòó bí mo ṣe kọ́ wọn. Wọ́n ń ránṣọ lọ. Nígbà tí èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àtẹ̀gùn ti di ojú ààrò. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé, àfi ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó òwú sí, ibẹ̀ ni àwọn díẹ̀ gbà bẹ́ sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún kò jáde. Abẹ́rẹ́ wà lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná tó gòkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Ọ̀gá, a bá àwọn kan lórí ìjókòó. Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Kí ló dé tí wọn ò dìde?"

Mo ní, "Agogo ò dún."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. N kò ronú kí n tó sọ ọ́, ó kàn jáde bí ìgbà tí èèyàn bá sín. Ṣùgbọ́n mo ní gbogbo ọjọ́ ayé mi láti kó o padà, n kò sì kó o. Ọ̀gá àgbà pè mí sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Mo gbọ́ ohun tó o sọ. Má yí i padà o. Agogo tó ti jóná kì í rojọ́." Àwọn ará ìsàlẹ̀ kò lè búra pé ó dún lókè, ariwo àti ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àmọ́ ẹnì kan wà tó lè bá agogo rojọ́. Oníṣẹ́ iná wa ni, Wáyà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló tún agogo náà ṣe lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo wà lẹ́yìnkùlé nídìí jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ agogo yẹn. Mo fi ọmọ mi búra." Èmi ni mo dìde lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ó gbọ́ ọ nítorí pé òun ló tún un ṣe. Ta ni yóò pe ọbẹ̀ tí òun sè ní ọbẹ̀ burúkú?" Gbogbo gbọ̀ngàn mi orí. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yíjú wò mí. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n parí àwàdà mi.

Ó ku àwọn tó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Mo tọ̀ wọ́n lọ ní ilé ìwòsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mú ọsàn dání. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kán, wọ́n so wọ́n kọ́ sókè. Mo jókòó tì í, mo ní, "Tẹ́ ẹ bá sọ pé ó dún, wọ́n máa ní kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ fi jókòó. Wọ́n máa ní àwọn tó kú ò gbọ́n. Ṣé nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìyá wọn gbọ́ nìyẹn?" Ó yíjú sí ògiri. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Mo gbé ọsàn náà sórí tábìlì rẹ̀, mo jáde. Báyìí ni mo ṣe fi òkú dẹ́rù ba alààyè, tí mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Wọ́n ju Wáyà sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, orúkọ rẹ̀ ti di Apagogo, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó jẹ́ kó fọwọ́ kan wáyà wọn mọ́. Ìdí títì ló wà tó ń tún fáànù ṣe. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá nínú mọ́tò. N kì í wẹ̀yìn.

Ohun tó ń da orí mi rú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé irọ́ náà so èso, èso náà sì dára. Ikú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mi gbogbo ìlú tìtì. Ìgbìmọ̀ náà kò túká lẹ́yìn ìwádìí, ńṣe ni wọ́n jókòó kọ òfin tuntun, wọ́n sì pè mí sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yè é, tí èèyàn rẹ̀ sì kú sí i. Wọ́n yọ irin kúrò lójú fèrèsé gbogbo ilé iṣẹ́. Àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ pé méjì, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ máa ṣí síta, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tì í nígbà iṣẹ́. Àgékù aṣọ kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Ní ti agogo, ẹ̀rí mi ni wọ́n gùn lé: agogo méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa dán an wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí oníṣẹ́ iná fọwọ́ sí i. Iná ti ṣẹ́yọ ní ibòmíràn láti ìgbà náà, àwọn èèyàn sì jáde láàyè. Mo ti bá wọn dì mọ́ra. Ìyá kan kúnlẹ̀ fún mi nígbà kan rí pé òfin mi ló gba ọmọ òun là. Mo ní kó dìde. Mo gba ìyìn náà ṣá.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bẹ ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan wò, tuntun ni, ó mọ́ tónítóní. Ilẹ̀kùn ń ṣí síta. Fèrèsé gbòòrò. Àwòrán mi wà lára ògiri nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Mo ní àṣẹ láti tẹ agogo láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó dún tó fi gbọ̀n mí létí. Kò sí ẹni tó dìde. Àwọn ọmọ tó ń di bisikíìtì sínú páálí dáwọ́ dúró, gbogbo wọn yíjú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wo ojú ọ̀gá wọn. Òun náà na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, bí ẹni pé kí wọ́n fara balẹ̀. Mo di tábìlì mú. Ọmọbìnrin kan tó sún mọ́ mi rò pé inú ń bí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá dìde láìgbàṣẹ ló máa fọ ilé ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn wá bá mi, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́, àbí? Ìwé yín ni mo kà, Bàbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibi tẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n dìde láìgbàṣẹ."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí níbẹ̀. Mo bá wọn kọ òfin nípa ilẹ̀kùn, nípa àtẹ̀gùn, nípa iye agogo tó gbọ́dọ̀ wà, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọ̀gá tó dá èèyàn jókòó nígbà tí agogo ń dún. Bí mo bá kọ ọ́, ẹnì kan á béèrè pé níbo ni mo ti rí irú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè rò pé mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. N kò tíì sọ ọ́. Kódà níbi tí mo ti ń jẹ́wọ́ fún yín yìí, mo tún ti fi irọ́ kan sáàárín. Mo ní ohun tí mo sọ fún ìgbìmọ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni mo wà, mo sì rìn kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú yàrá náà lókè nígbà tí agogo dún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló sì jókòó. Abẹ́rẹ́ dìde. Àwọn méjì lẹ́yìn rẹ̀ ti ń gbé ìdí sókè. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń gbóòórùn iná." Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n rí níbi iṣẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan tó fún mi. Èmi náà sì ti gbóòórùn rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí, mo ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀gá àgbà ń mú àwọn oníbàárà bọ̀ lọ́sàn-án náà wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mo sì ti fi yàrá mi yangàn fún un. Mo nawọ́ sí i. Mo ní, "Ìyàwó agogo, jókòó. Mò ń lọ wò ó, mò ń bọ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Mo fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi, kí wọ́n má baà tẹ̀lé mi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Iná wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń jó àgékù, kò tíì gun òkè. Mo rékọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun apá mi jó. Mo dúró síbẹ̀, mo wẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn ṣì ṣeé gùn. Mo lè gùn ún, mo lè ṣí ilẹ̀kùn, mo lè ké. Kò gba ju kí èèyàn súfèé lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré jáde sí àgbàlá, ẹ sì gbọ́ ohun tí mo sọ fún ara mi bí mo ti ń sá lọ: mo ní agogo ṣáà ń dún, wọ́n á gbọ́.

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì náà, ìdí títì ni mo ní kí wọ́n gbé mi lọ. Wáyà ti darúgbó jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń lo ojú awò méjì tó fi okùn so pọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Mo sọ fún un pé agogo náà dún. Ó gbé fáànù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó dún, àbí?" Mo ní ó dún. Ó tún bi mí, "Ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, kò tètè nù ún tán. Ó ní, "Mo ti gbà pé etí mi ló tàn mí. Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń bẹ àwọn òkú yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́ pé kí wọ́n dárí jì mí." Mo ti rò pé ó ń fi mí ré ní gbogbo ọdún yìí. N kò mọ̀ pé ó ti bá mi gba irọ́ náà gbọ́.

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Nígbà tó jókòó padà, ṣé ó bú ẹ?" Mo ní rárá, ó rẹ́rìn-ín ni. Ó dìde, ó lọ sí yàrá kejì. Ó ń gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Kò burú. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Obìnrin tó jẹ́ alága wọn báyìí, ọmọ kékeré ni nígbà iná náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ̀rí yín ni gbogbo ìwé òfin yìí dúró lé." Mo ní kó wó èyí tó bá fẹ́ wó, kó ṣáà kọ gbólóhùn kan sí i: bí agogo bá dún, kò sí ọ̀gá. Kó dá orúkọ Wáyà padà fún un níwájú gbogbo èèyàn, níbi tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí òfin ṣe èmi bó bá ti tọ́. Àwọn ìyá àti ọmọ àwọn tó kú, mo ń bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ pé àwọn èèyàn yín kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n gbọ́. Èmi ni wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Bí agogo bá dún, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má dúró kí ẹni tó jù yín lọ kọ́kọ́ dìde. Bó bá jẹ́ pé eré ni, wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín, wọ́n á sọ yín lórúkọ, ẹ ó sì lọ sílé lọ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yín kí gbogbo yín jọ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àgbà ni èmi náà, mo sì ti rí méjèèjì. Ẹ̀sín yá.